Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Líǹkì

Ohun èlò ìkọ́ni tó wà lórí ayélujára ti pọ̀ ju ohun tí olùkọ́ kan ṣoṣo lè yẹ̀ wò tán lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa pa líǹkì wọn mọ́ síbi kan náà ní gbangba, kí oníkálukú lè rí ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, láti ìgbà tí Delicious, ojúlé kan tí a ń kó líǹkì pamọ́ sí ní gbangba, ṣì wà láyé ni mo sì ti ń bá àwọn olùkọ́ mìíràn pín líǹkì báyìí. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi, ọ̀kan ló ga jù: ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ẹni tó ti lo nǹkan náà nínú kíláàsì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ líǹkì ló ń ran olùkọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ jù lọ. Líǹkì fúnra rẹ̀ kò ṣòro rí. Ẹ̀rọ ìṣàwárí á kó ọgọ́rùn-ún rẹ̀ síwájú ẹni kí ó tó ṣẹ́jú.

Kí irú ìpamọ́ yìí tó dé, inú browser tirẹ̀ ni oníkálukú ń kó líǹkì sí. Kọ̀ǹpútà bàjẹ́, líǹkì bá a lọ. Olùkọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, gbogbo ohun tó ti ṣà jọ bá a lọ, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ímeèlì kò yanjú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn olùkọ́ kò tíì yanjú rẹ̀ títí dòní. Líǹkì tó dára tí ẹnìkan fi síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìkéde ìpàdé á ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó máa nílò rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀ kò ní mọ ibi tó máa wá a sí. Ta ló fi fídíò orí ooru yẹn síbí lọ́jọ́sí? Ìbéèrè yìí kì í tán láàárín àwa olùkọ́.

Joshua Schachter ló dá Delicious sílẹ̀ lọ́dún 2003, nígbà tí àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì jẹ́ del.icio.us. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Orí ayélujára ni líǹkì rẹ máa wà, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà rẹ. Wàá fi táàgì mélòó kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí tó ń sọ ohun tó dá lé, sí i lára, ẹnikẹ́ni tó bá sì tẹ táàgì yẹn á rí gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti fi táàgì kan náà sí. Ó tún ń fi iye èèyàn tó ti pa líǹkì kan mọ́ hàn, nípa bẹ́ẹ̀ èèyàn lè tọ ipasẹ̀ wọn lọ wo ohun mìíràn tí wọ́n ní nípamọ́. Bí mo bá fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ mi kan rí nǹkan, màá kọ «for:» mọ́ orúkọ àkántì rẹ̀ níbi táàgì, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Láàárín àsìkò yẹn náà ni Furl wà, èyí tó máa ń ṣe ẹ̀dà ojúewé pamọ́ fúnni. Diigo dé lọ́dún 2006, ó jẹ́ kí èèyàn lè fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ lórí ojúewé gan-an, kí ó sì lẹ àkọsílẹ̀ kékeré mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gba Diigo mọ́ra nítorí ó ní àkántì ọ̀tọ̀ fún olùkọ́, èyí tí èèyàn lè fi ṣí àkántì fún odindi kíláàsì láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ní ímeèlì.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ líǹkì. PhET, iṣẹ́ àkànṣe tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado Boulder lọ́dún 2002, ní àfarawé kan tí àwọn ọmọ lè fi to sákíìtì lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á mú wáyà, bátìrì, gílóòbù àti súwíìṣì, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á sì máa wo bí iná ṣe ń ṣàn nínú wáyà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ físíìsì ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá pa á mọ́, tó wá kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó dára gan-an, kí ni mo rí dì mú níbẹ̀? Bí mo bá ṣí i, èmi náà á rí i pé ó dára.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà tí a jọ ń pín líǹkì kọ tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ìyá náà ní kí a kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ láyè díẹ̀ kí wọ́n fi ṣeré, nítorí pé gbogbo wọn ló máa fẹ́ mú bátìrì gbiná, ó sì sàn kí wọ́n ti ṣe é tán kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà tún ní kí a tó jẹ́ kí àwọn ọmọ to gílóòbù méjì tẹ̀léra, kí oníkálukú kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bóyá gílóòbù kejì máa tàn tó ti àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú wọn á kọ pé kò ní tàn tó o, nítorí lójú tiwọn gílóòbù àkọ́kọ́ ti jẹ lára iná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Àríyànjiyàn tó bá sọ lẹ́yìn ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, kí olùkọ́ má ṣe sáré pa á. Ìyá náà tún kìlọ̀ pé ibì kan wà tí a ti ń yan bóyá kí ó fi ìrìn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù hàn tàbí ìṣàn iná bí ìwé ṣe ń yà á, pé ọ̀nà òdìkejì ni méjèèjì ń gbà lọ, nítorí náà kí a ti yan ọ̀kan kí àwọn ọmọ tó wọlé.

Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì wọ kíláàsì bí ẹni tó ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà rí. Ohun tí ojú ìyá yẹn ti rí nínú kíláàsì láti ọdún gbọọrọ ló wà nínú gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún, kò sì sí ẹ̀rọ ìṣàwárí tó lè bá mi wá a. Kò sọ ohun tí àfarawé náà jẹ́, nítorí ojúewé ti sọ ìyẹn. Ohun tí àwọn ọmọ máa ń ṣe sí i ló sọ, àti ibi tí èrò wọn ti máa ń wọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí bí mo ṣe ń kọ tèmi padà. Mo máa ń sọ irú kíláàsì tí mo fi kọ́, iye ìṣẹ́jú tó gbà, àti ibi tí iṣẹ́ ti dúró. Bó bá jẹ́ fídíò, mo máa ń sọ ibi tó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kí a dá a dúró. Fídíò tó dára lè gùn ju píríọ́dù lọ, kí ó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta péré nínú rẹ̀ la nílò. Mo máa ń sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, bóyá èèyàn lè gbà á sílẹ̀ kí ó lò ó láìsí ayélujára (èyí tí PhET ṣe ní HTML5, ìlànà tí browser lè ṣí fúnra rẹ̀, ṣeé gbà sílẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ńlá sì ni níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti dúró), àti bóyá ìpolówó tí kò yẹ ọmọdé máa ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sì máa ń kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo lò ó gan-an. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti gorí rẹ̀, ohun tó bá kù lọ́kàn èèyàn ò ju pé ó dára, pé ó dára ṣáá.

Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ìpamọ́ wa ni èyí tó sọ pé nǹkan kan kò ṣiṣẹ́. Àwọn olùkọ́ máa ń tijú láti kọ ọ́. Wọ́n rò pé ẹni tó ṣe ohun èlò náà làwọn ń bú, tàbí pé ìwà àìmoore ni sí ẹlẹgbẹ́ tó fi líǹkì síbẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí lórí èyí. Bí àwòrán alárinrin kan bá fi àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ara wọn jù, tí àwọn ọmọ fi lọ sílé pẹ̀lú èrò pé bẹ́ẹ̀ ni òfuurufú rí, olùkọ́ tó bá rí i tí kò kọ ọ́ ti fi ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn sínú ọ̀fìn kan náà. Kí a kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ táàgì náà ní tirẹ̀. Folksonomy ni Thomas Vander Wal pe ètò yìí lọ́dún 2004, ètò tó jẹ́ pé àwọn tó ń lo nǹkan ló ń fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ lórúkọ, láìsí ọ̀gá kan tó tò ó fún wọn. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, wàhálà rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹnìkan á kọ math, èkejì á kọ maths, ẹ̀kẹta á kọ ìṣirò, gbogbo wọn ò sì ní pàdé ara wọn. Lórí del.icio.us àtijọ́, àyè tó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì ń sọ wọ́n di táàgì méjì, nítorí náà ìṣàn iná á di ìṣàn níbì kan, iná níbòmíràn, àfi bí èèyàn bá fi ìlà kékeré so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dójú ẹ̀ láàárín wa, àwọn kan dábàá pé kí a ṣe àkójọ gígùn tó bá ètò ẹ̀kọ́ mu láti òkè délẹ̀, kí gbogbo ènìyàn máa mú táàgì nínú rẹ̀. Mo takò ó, mo ṣì ń takò ó. Olùkọ́ tó rí nǹkan dáadáa láàárín píríọ́dù méjì kò ní àyè láti ṣí àkójọ gígùn kí ó tó pa á mọ́. Á pa browser dé, líǹkì á sì sọnù. Ohun tí a fẹnu kò sí nígbẹ̀yìn ni táàgì fún ìpele kíláàsì, òmíràn fún orí ẹ̀kọ́, òmíràn fún irú nǹkan tó jẹ́, kí ìyókù wá jẹ́ bó bá ṣe wu oníkálukú. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ gba ibòmíràn, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á tún un ṣe, láìsí ariwo.

Táàgì kan tún wà tí mo rò pé kò yẹ kí ìpamọ́ olùkọ́ kankan ṣe aláìní rẹ̀: mo-ti-lò-ó. Ohun tí èèyàn pa mọ́ nítorí pé ó fẹ́ wò ó tó bá ráyè, àti ohun tó ti gbé síwájú ọmọ, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Kí a tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, èyí tí a kò tíì yẹ̀ wò ló kún inú ìpamọ́ wa, ó sì ń sú àwọn tuntun. Ní báyìí, ẹni tí ìdánwò ti sún mọ́ tàbí tí àyè kò gbà lè tẹ mo-ti-lò-ó, kí ó sì mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun kan ti dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀.

Àwọn ọmọ pàápàá lè kópa. Mo ti lo àkántì kíláàsì lórí Diigo fún èyí, Hypothesis, irinṣẹ́ mìíràn tí a fi ń lẹ àkọsílẹ̀ mọ́ ojúewé, náà sì ṣeé lò fún kíka ojúewé pa pọ̀. Ẹ fún wọn ní àyọkà kan, kí wọ́n fi àwọ̀ kun gbólóhùn tí wọn kò gbà gbọ́, kí wọ́n lẹ ìbéèrè mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń kó líǹkì jọ fún iṣẹ́ àṣetiléwá, òfin tí mo fi lélẹ̀ ni pé kí wọ́n má ṣe tún ọ̀rọ̀ ojúewé náà sọ fún mi. Kí wọ́n sọ ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nínú iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó bá lè sọ ìyẹn ti ka ojúewé náà lóòótọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ikú àwọn ilé ìpamọ́ yìí, nítorí ó ti dun ọ̀pọ̀ olùkọ́. Yahoo ra Delicious ní oṣù Kejìlá 2005. Ní oṣù Kejìlá 2010, àwòrán kan láti inú ìpàdé ilé iṣẹ́ náà jáde síta, ó sì fi hàn pé Delicious wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́. Ìbẹ̀rù mú gbogbo ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn jáde. Lọ́dún 2011 wọ́n tà á fún AVOS, ilé iṣẹ́ Chad Hurley àti Steve Chen tí wọ́n wà lára àwọn tó dá YouTube sílẹ̀. Ó tún ti ọwọ́ wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹfà 2017, Maciej Cegłowski tó ni Pinboard, ilé ìpamọ́ líǹkì mìíràn, rà á ní 35,000 dọ́là, ó sì sọ ọ́ di ohun tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè fi nǹkan tuntun kún. CiteULike tí àwọn onímọ̀ ń lò ti ilẹ̀kùn lọ́dún 2019, Google Bookmarks tẹ̀lé e lọ́dún 2021, Pocket sì dákẹ́ ní oṣù Keje 2025. Ilé iṣẹ́ ńlá, ilé iṣẹ́ kékeré, kò sí èyí tó ṣèlérí pé òun á wà títí.

Nítorí náà, bí táàmù bá ti ń parí, a máa ń gba ẹ̀dà gbogbo ìpamọ́ wa jáde. Fáìlì HTML tí gbogbo browser lè kà ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ fura sí i. Ọ̀pọ̀ browser tó bá gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wọlé á mú àkọlé àti àdírẹ́sì, á sì fi táàgì àti àlàyé sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ló ń kọ́kọ́ sọnù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ẹ̀dà CSV (fáìlì tó tò wọ́n bíi tábìlì) pẹ̀lú, níbi tí wọ́n bá gbà á láyè, tí ẹnìkan á sì ṣí fáìlì náà láti rí i dájú pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ líǹkì wà nínú rẹ̀. Raindrop.io ni a ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, a sì ti múra sílẹ̀ láti kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pọn dandan.

Ojúewé tí líǹkì ń tọ́ka sí náà ń kú. Ìwádìí tí Pew Research Center gbé jáde lọ́dún 2024 fi hàn pé ìpín 38 nínú ọgọ́rùn-ún ojúewé tó wà lórí ayélujára lọ́dún 2013 ni kò sí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àwa olùkọ́ rí tiwa gbà nígbà tí Adobe fòpin sí Flash, ètò tí ọ̀pọ̀ àwòrán tó ń rìn lórí ayélujára fi ń ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020. PhET tún púpọ̀ nínú tiwọn ṣe sí HTML5, ṣùgbọ́n àìmọye àwòrán tó ń rìn tí olùkọ́ kan ṣe níbì kan tó sì fi síta lọ́fẹ̀ẹ́ kò rí ẹni tún wọn ṣe. Wayback Machine ti Internet Archive ń gbìyànjú. Mo máa ń fi ojúewé tó bá ṣe iyebíye ránṣẹ́ sí i kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tó gba iṣẹ́ mi là lẹ́yìn Flash ni àlàyé. Àwòrán kan wà nípa ìgbì, ó ti lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ kan ti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ohun tó ń la àwọn ọmọ lójú nínú rẹ̀ ni àmì pupa kan ṣoṣo tó ń lọ sókè sódò lójú kan nígbà tí ìgbì ń kọjá lọ. Mo mú okùn gígùn kan, mo so aṣọ pupa mọ́ ojú kan lára rẹ̀, mo fi ọmọ kan sí etí kan, òmíràn sí etí kejì. Ẹ̀kọ́ náà kò yingin.

Ohun méjì kan wà tí mo fẹ́ tètè sọ. Ẹ fi líǹkì sílẹ̀ dípò kí ẹ máa gba PDF ìwé oníwèé kí ẹ tún un gbé síta; bí ẹni tó ni ín bá sì ti fi ìwé àṣẹ Creative Commons, èyí tó ń sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè lò ó, sí i, ẹ kọ irú èyí tó jẹ́ sínú àlàyé, kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún kíláàsì rẹ̀ lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí. Èkejì ni pé fáìlì tó bá ní orúkọ ọmọ tàbí máàkì rẹ̀ nínú kò gbọ́dọ̀ wọ ìpamọ́ gbangba láé, kódà kí ó jẹ́ pé líǹkì rẹ̀ gùn tí kò sì ṣeé mọ̀. Gbangba ni gbangba.

Kò sí ẹgbẹ́ olùkọ́ tí gbogbo ènìyàn ti ń fi nǹkan síbẹ̀ dọ́gba. Àwọn díẹ̀ ló ń fi síbẹ̀, àwọn púpọ̀ ló ń mú níbẹ̀, èyí kò sì bí mi nínú, nítorí àwọn ọmọ ló ń jàǹfààní rẹ̀. Mo ti bá ilé ẹ̀kọ́ kan ṣiṣẹ́ tó sọ ọ́ di dandan kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa fi iye líǹkì kan sílẹ̀ lọ́ṣẹ̀. Pàǹtírí ló kún ibẹ̀, nítorí líǹkì ni wọ́n ń kà, ẹnikẹ́ni ò ka àlàyé. Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹnìkan dìde nínú ìpàdé kí ó sọ ohun kan tó lò nínú ìpamọ́, àti ohun tí àwọn ọmọ ṣe sí i.

Bí olùkọ́ tuntun bá dé sáàárín wa, n kì í ní kí ó fi líǹkì síbẹ̀. Mo máa ń ní kí ó mú ọ̀kan nínú èyí tó ti wà nílẹ̀, kí ó lò ó, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ti ẹni tó ṣáájú. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ wọn máa ń takora. Lábẹ́ àfarawé sákíìtì yẹn, olùkọ́ kan ti kọ ọ́ pé òun ò gba ti kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi ṣeré, pé nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ ti pọ̀ tí kọ̀ǹpútà kò sì tó, àsìkò eré yẹn á jẹ píríọ́dù tán. Ó ní kí olùkọ́ fi bátìrì tó ń gbiná hàn wọ́n fúnra rẹ̀ lójú pátákó, kí ó sì bọ́ sórí ìbéèrè gílóòbù méjì. Méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, pẹ̀lú iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì ẹni kọ̀ọ̀kan wọn.